Gbogbo ará oko ti ń gbin àgbàdo, àmọ́ ilẹ̀ mi ò tíì rin tó lójú mi

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin àgbà àgbẹ̀. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lápá Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tó yí oko mi ká sì ti ń gbìn. Wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́, kòkòrò tó ń lu igi àgbàdo ló máa jẹ tirẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo gbẹ́ ilẹ̀ wò: ọ̀rinrin ò ju ìka méjì lọ, abẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú. Irúgbìn á wú, á ta gbòǹgbò. Bí òjò bá wá dá fún ọjọ́ mẹ́wàá, á kú sílẹ̀ ni, àparò á sì hú èyí tó kù.

Mo wé irúgbìn 100 sínú aṣọ tútù, 92 hù, nítorí náà irúgbìn kọ́ ni ìṣòro. Mo tún rò ó kí n kọ́kọ́ gbin ìdá kan nínú mẹ́rin oko náà, kí ìlà kan sí èkejì jẹ́ 75 sẹ̀ntímítà, kí ihò kan sí èkejì jẹ́ 25, irúgbìn kan sí ihò kan, àmọ́ ajílẹ̀ fífi á di ẹ̀ẹ̀mejì, owó alágbàṣe náà á sì lé sí i.

Ọkàn mi ní kí n dúró. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn, báwo ni ọ̀rinrin ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó kí n tó gbìn?

Mo dúpẹ́ ṣáájú o.