Ìdáhùn: "owó àfowórà", ṣé rà ni àbí rá?

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Peckham kọ̀wé lánàá pé àwọn ti rí orúkọ fún owó inú géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí téèyàn fi owó gidi rà: "owó àfowórà". Èyí téèyàn jókòó ṣiṣẹ́ fún nínú géèmù náà ni wọ́n pè ní "owó àṣelàágùn". Wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lóòjọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò ní lò ó.

Àṣelàágùn yẹn dáa, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbé fóònù yín, kí ẹ kọ èkejì bí àwọn ọmọ wa ṣe ń kọ Yorùbá síra wọn, láìfi àmì kankan sí i: afowora. Kí lẹ kà? Èmi ka àfọwọ́rá. Mo gbé e fún ìyàwó mi láìsọ nǹkan kan, òun náà ka àfọwọ́rá, ó tún bi mí pé ta ni wọ́n mú. Ẹ yọ àmì abẹ́ ọ kúrò, ohùn kan ṣoṣo ló kù láàárín rà àti rá. Ohùn kan yẹn lẹ fẹ́ fi sọ ọmọ tó fowó ara rẹ̀ ra nǹkan di olè.

Àbúrò wa obìnrin ará Ìlọrin ní bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn, pé àṣìkọ yẹn ló sọ òótọ́, olè ni gbogbo àwọn tó ń fowó rà á. Ó fi òwe kádìí ẹ̀: ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Àbúrò, òwe rẹ gún, ibi tí o fi í sí ni kò gún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ń gbá Old School RuneScape, géèmù tí iléeṣẹ́ Jagex ní Cambridge ṣe. Igi ló ń gé níbẹ̀. Á tẹ igi kan, á dúró dè é kó wó, á tẹ òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ojú ẹ̀ á pọ́n bí ẹni gbé èéfín mì. Tí góòlù tó kó jọ bá ti tó, á lọ sọ́jà inú géèmù náà, á ra bọ́ǹdì kan, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń sanwó géèmù náà. Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí ló fi dọ́là ra bọ́ǹdì yẹn lọ́wọ́ iléeṣẹ́, tó wá gbé e sọ́jà nítorí góòlù. Bọ́ǹdì kan, ọjọ́ 14 ni wọ́n á fi kà á mọ́ àwọn tó sanwó. Nígbà tí báńkì ẹ̀ ní káàdì náírà kò ṣeé ná lókè òkun mọ́, ọ̀nà tó kù fún un nìyẹn. Onídọ́là lówó, kò ráyè. Ọmọ wa ráyè, kò ní dọ́là. Ta ló fọwọ́ rá nǹkan ta nínú àwọn méjèèjì?

Mo gbà pé ẹnì kẹta wà. Ẹni tó ń gé igi tirẹ̀ jẹ́jẹ́, tí kò rà, tí kò tà, tó wá bá ẹni tó ra idà lánàá pàdé lójú ìjà. Òun ni wọ́n rẹ́ jẹ, n kò jiyàn. Géèmù mìíràn, Diablo III, ṣí ọjà olówó gidi ní 2012, ọ̀pọ̀ wá pa ìjà tì, ọjà ni wọ́n ń ná. Iléeṣẹ́ fúnra wọn ló tì í pa ní oṣù Kẹta 2014.

Ẹ̀yin tó sì ń wá àfọwọ́rá gidi, ẹ lọ wò ó nínú ìtàn RuneScape. Àwọn tó ń ta góòlù ní kọ̀rọ̀ ń fi káàdì tí wọ́n jí sanwó. Ní oṣù Kejìlá 2007, iléeṣẹ́ kúkú há gbogbo kárà-kátà mọ́: ohun tí o bá fún ẹnì kejì kò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí o gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ ò lè ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ tó jọjú mọ́. Oṣù Kejì 2011 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn eléré ti dìbò.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí wa: àrobọ̀. Alárobọ̀ ni ìyá ìyá mi. Wọ́n á ra gàrí ní àpò-àpò lọ́wọ́ ará oko, wọ́n á máa fi kọ́ńgò tà á ní Ọjà'ba. Tí gàrí bá ti ga ṣóńṣó lórí kọ́ńgò, wọ́n á fàtẹ́lẹwọ́ bu èènì lé e, wọ́n á wá wo ojú oníbàárà. Ẹni tó bá ní wọ́n ń jẹ èrè oko tí wọn ò kọ, ìdáhùn wọn ò ju ẹyọ kan lọ: "Oko ò jìnnà, lọ kọ tìẹ." Bọ́ǹdì yìí, àrobọ̀ pọ́ńbélé ni. Kìkì pé Jagex ò fẹ́ àrobọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì: ẹni tó rà á lọ́wọ́ eléré ẹgbẹ́ rẹ̀ ò lè tún un tà, àfi tó bá san ìdá kan nínú mẹ́wàá iye rẹ̀. Èènì ò sí níbẹ̀, tiwọn ni wọ́n ń bù.

Mo mọ̀ pé Bàbá wa ará Ọ̀yọ́ á ní àrobọ̀ ò kúrò lórí oúnjẹ, àti pé ẹni tí kò bá lè tú mófíìmù rẹ̀, ìyẹn àwọn ègé tí wọ́n fi kó ọ̀rọ̀ jọ, palẹ̀ fún àwọn, kó má lò ó. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti tú "ìyá" palẹ̀ rí? A sì ń pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n náà ní àwọn ti ń kọ́mọ ní Yorùbá láti 1988. Ìyá mi àgbà ò kọ́ ẹnikẹ́ni, gàrí ni wọ́n ń tà, kò sì sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ wọn sí olè.

Ẹni tó ń pe àwọn tó ń gbá géèmù ní "òṣèré", ẹ jẹ́ kí àwọn onítíátà rí orúkọ wọn jẹ́. "Eléré" ni mo lò, n kò sì ní yí i padà. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ìyàwó mi láìfàmì sí i, kó fi bá mi wò ó. Ó ní elérè wo, ta ló jèrè nínú wọn? N kò tíì dá a lóhùn.