Bí a ṣe lè dá ìnáwó ilé padà sí ìwọ̀n lẹ́yìn ayẹyẹ ńlá

Aya Olùkọ́, Òkè-Fìà:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ ìnáwó ilé ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Lọ́dún tí ó kọjá, a sìnkú ìyá ọkọ mi níbí ní Òṣogbo, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Iléyá dé. Àwọn ẹbí tí ó wá láti Èkó àti Ìlọrin kò tètè lọ. Ìkòkò ńlá ni a ń gbé kaná lójoojúmọ́, nígbà tí ó sì rẹ̀ wá, a bẹ̀rẹ̀ sí í ra oúnjẹ sísè níta. Ilé ti dá báyìí, àwọn àlejò ti padà síbi tí wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n ìnáwó náà kò bá wọn lọ.

Tẹ́lẹ̀, ògì àti àkàrà, tàbí ẹ̀wà tó ṣẹ́kù láti alẹ́, ni àwọn ọmọ ń jẹ kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé. Nísinsìnyí, búrẹ́dì, ẹyin dídín àti tíì tí wàrà kún inú rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ sí oúnjẹ òwúrọ̀, bí wọn kò bá sì rí i, ojú á fà ro. Ọkọ mi tí ó máa ń wọ kórópe lọ sí ibi iṣẹ́ ti sọ ọ̀kadà di tirẹ̀. Èmi náà tí mo ń ránṣọ, tí mo máa ń gbé oúnjẹ láti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ ni mo ń rán níṣẹ́ lọ́sàn-án báyìí. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń yọ owó wọn lára owó oṣù ọkọ mi, èmi sì yá owó díẹ̀ lórí fóònù láti fi kún owó aṣọ, mi ò sì tíì san án tán.

Ìbéèrè mi ni pé, ibo ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀? Báwo ni a ó sì ṣe ṣe é tí àwọn ọmọ kò fi ní máa rò pé ìyà ti wọlé tọ̀ wá?

Ìyá Ìbejì, Ayétòrò:

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá o. Ọlọ́run yóò kẹ́ wọn, yóò sì gẹ̀ wọ́n.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan oúnjẹ ọmọ. Fóònù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000, tí owó bébà sì wọ́n bí ojú, gbogbo wa ni a kọ́ bí a ṣe ń fi fóònù san owó ata àti owó ọkọ̀. Ọ̀wọ́n náà ti tán tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni kò padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Owó tí a bá kà láti inú pọ́ọ̀sì, ojú a máa rí i bó ṣe ń tán lọ. Èyí tí a bá fi ìka tẹ̀ ránṣẹ́, ìgbà tí báǹkì bá ní kò tó mọ́ ni a ó tó mọ̀ pé ó ti lọ. Ẹ wo àkọsílẹ̀ oṣù méjì sẹ́yìn, kí ẹ sì mú bírò. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ gbogbo owó tí kò ju 2,000 lọ, kí ẹ sì ro ó pọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí ẹ ń wá.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo máa ń gba owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu ẹ̀rọ báǹkì tí mo ń lò gan-an. Láti oṣù kẹta ọdún 2025, bí ẹ bá lo ẹ̀rọ báǹkì mìíràn, náírà 100 ni wọ́n ń yọ lórí 20,000, ti àwọn tí kò sí nínú ọgbà báǹkì sì tún wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti báǹkì yín kò ní gba nǹkan kan. Owó ọkọ̀ máa ń wà lọ́tọ̀ nínú ọ̀rá kékeré, owó ata lọ́tọ̀, owó ẹran àti ẹja lọ́tọ̀. Bí ti ẹran bá tán ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gúsí pẹ̀lú irú ni a ó jẹ títí di Sátidé, ẹnikẹ́ni kò sì ní bínú sí mi, nítorí gbogbo ilé ni ó ń rí ọ̀rá náà níbi tó wà.

Òṣìṣẹ́ Fẹ̀yìntì, Òkè-Baálẹ̀:

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ìbejì sọ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣíwájú. Gbèsè orí fóònù yẹn ni kí o kọ́kọ́ pa. Ká ní o yá 20,000, tí wọ́n ní kí o dá 26,000 padà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́: èlé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni o san lóṣù kan ṣoṣo yẹn. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi owó búrẹ́dì rọ́pò irú èlé bẹ́ẹ̀. Bí o bá wá ń yá tuntun láti fi san ti àtijọ́, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, gbogbo ohun tí o bá pamọ́ lórí oúnjẹ, ẹnu wọn ni ó ń bọ́ sí. Ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò yẹ kó dẹ́rù bà ọ́. Èlé wọn kéré, wọ́n sì ń yọ ọ́ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ ọkọ rẹ, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò fi í ṣeré.

Wọn yóò gbà ọ́ níyànjú pé kí o dá àjọ. Àjọ dára, mo sì dá a fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n rántí pé alájọ máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún iṣẹ́ rẹ̀: bí o bá ń dá 1,000 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 29,000 ni yóò padà sí ọwọ́ rẹ. Owó tí kò dàgbà rárá ni, tí o sì ń san èlé gọbọi níbòmíràn lọ́jọ́ kan náà. San gbèsè fóònù yẹn tán, pa ohun tí wọ́n fi ń yánilówó yẹn rẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ, kí o wá bá alájọ sọ̀rọ̀. (Àwọn ọ̀dọ́ lè ní mo le jù. Mo gbà.)

Oníṣòwò Oúnjẹ, Ọjà Orísunbárẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kan ọjà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣọ́ owó ná, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó lọ ra oúnjẹ ní àpò. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ra àpò ìrẹsì oníkílò 50, tí ó sì tán kíá ju bí ó ṣe máa ń tán nígbà tí wọ́n ń ra kóńgò, nítorí pé bí àpò bá ti dúró sí igun ilé ìdáná, ọwọ́ ẹni tó ń bù ú á tú. Bí ẹ bá fẹ́ ra àpò, ẹ wá ará ilé méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ó jọ pín in. Ẹ wọn ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ sínú ike, kí ẹ sì ti ìyókù mọ́ yàrá. Ẹ má sì fi owó tí ẹ yá ra á láéláé.

Ohun tó yẹ kí ẹ rà púpọ̀ ni èyí tó ní àsìkò. Láàrin oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, ọ̀pẹ máa ń so jù, epo pupa a sì rọjú. Ìgbà yẹn ni kí ẹ kún kẹ́ẹ̀gì yín, torí pé bí ọdún bá ti ń lọ sópin, ẹ ó san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sáré kúrò lẹ́yìn iṣu tuntun tó kọ́kọ́ dé ọjà, ojú lásán ni wọ́n fi ń tà á; ẹ jẹ́ kí òjò tán. Tòmátì a máa pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lè sè é kí omi rẹ̀ gbẹ tàbí kí ẹ sá a. Bí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an tí ó wọ́n, ata rodo, àlùbọ́sà àti tàtàṣé gbígbẹ yóò gbé ọbẹ̀ yín. Ẹ̀wà ní tirẹ̀, kòkòrò ni ọ̀tá rẹ̀: ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ táútáú, kí ó kún dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, gáàsì tí yóò jẹ yóò dín kù.

Ẹ jẹ́ kí n tún ta yín lólobó kan, àwọn ẹgbẹ́ mi lè máà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n tó wọn nǹkan fún yín, ẹ gba kóńgò náà, kí ẹ fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀ nínú. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, òkìtì tí ẹ ń rí lókè ni wọ́n fi ń tù yín nínú. Ẹni tí kóńgò rẹ̀ pé kò ní bínú pé ẹ wò ó.

Awakọ̀ Kórópe, Alékùwodò:

Kékeré ni tèmi. Bàbá olùkọ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìṣirò yìí. Bí obìnrin nìkan bá ń dín ìnáwó kù, tí ọkọ sì ń gun ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ náà kò ní pẹ́ di ìjà. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ bá àwọn ọmọ sọ ọ́, kí ẹ sọ iye owó ilé ìwé wọn fún wọn gan-an. Ọmọ tó mọ iye tí nǹkan jẹ́ kì í sábà rò pé ìyà ni.

Aya Olùkọ́, Òkè-Fìà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin bàbá wa ní pàtàkì. Èmi àti ọkọ mi jókòó ti fóònù méjèèjì lálẹ́ àná. Ìyá Ìbejì, oúnjẹ ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀bù àti dátà ni ó kó owó jù, ti búrẹ́dì àwọn ọmọ kò tó ohun tí mo ń fi í pè. A ti fẹnu kò pé gbèsè orí fóònù ni a ó kọ́kọ́ san, láti inú owó aṣọ tí àwọn oníbàárà fẹ́ wá gbà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ọkọ mi ti gbà láti padà sí kórópe, àfi ọjọ́ Ajé tí ó máa ń tètè dé ilé ìwé. Búrẹ́dì di ọjọ́ Sátidé àti Àìkú, ọjọ́ yòókù di ti ògì, àbúrò pátápátá sì ti ní kí wọ́n fi òun ṣe ẹni tí yóò máa lọ ra àkàrà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń fi ọmọ fọ́kọ, wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Ìyàwó ilé ni mo jẹ́ sí wọn, mi ò lè ní mi ò ṣe.

Ìyá Ìbejì, Ayétòrò:

Kò sí ẹni tó ní kí ẹ má ṣe. Ẹ lọ bá wọn nílé, kì í ṣe lórí fóònù, ẹ̀yin àti ọkọ yín, kí ẹ sì ṣàlàyé pé aṣọ ìsìnkú màmá wà nínú àpótí, òun ni ẹ ó wọ̀, pé ẹ ó fi owó díẹ̀ sínú àpòòwé fún ìyàwó, ẹ ó sì tètè débẹ̀ láti bá wọn dáná. Aránṣọ ni yín, ẹ lè bá ìyàwó ran bùbá kan láìgba owó iṣẹ́. Àmọ́ kí wọ́n tó gé aṣọ náà ni kí ẹ lọ o. Bí orúkọ yín bá ti wọ ìwé ẹni tó ń pín in, wọn yóò máa wá gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín.