Ilé Tuntun àti Ejẹ́ǹtì Tiwa: Ohun Tí Ojú Wa Rí

Ẹni àkọ́kọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń béèrè bóyá ó yẹ kí ènìyàn mú ejẹ́ǹtì tirẹ̀ dání nígbà tí ó bá fẹ́ ra ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, níwọ̀n ìgbà tí ilé-iṣẹ́ akọ́lé ti ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bá wọn ta ilé. Èmi àti ọkọ mi ra irú ilé bẹ́ẹ̀, a sì mú ejẹ́ǹtì tiwa lọ. Èrò mi ni pé ó yẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹ̀dínwó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí.

Ẹni tí ó bá kí yín káàbọ̀ nínú ilé àfihàn, ìyẹn ilé àpẹẹrẹ tí akọ́lé fi ń han àwọn olùrà, bí ó ti wù kí ó lọ́yàyà tó, akọ́lé ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Èyí kò sọ ọ́ di ènìyàn burúkú. Ọmọbìnrin tí ó dá wa lóhùn mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé gbogbo ohun tí a bi í. Síbẹ̀, bí ẹ bá jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ iye tí agbára yín ká, tàbí pé ẹ gbọ́dọ̀ kó kúrò nínú ilé onílé láìpẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní pẹ́ dé etí ọ̀gá rẹ̀ tí ẹ fẹ́ bá ná ọjà. Ìdí nìyí tí ejẹ́ǹtì wa fi ní kí àwa máa wo ilé, kí òun sì máa sọ ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un dání láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ akọ́lé kì í ka ejẹ́ǹtì olùrà sí bí kò bá bá a wá ní ìgbà àkọ́kọ́, tàbí bí wọn kò bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá dá lọ, tí ẹ sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà yín sínú ìwé àlejò wọn tàbí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè sọ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ wá, àti pé àwọn kò ní san owó iṣẹ́ fún ejẹ́ǹtì kankan. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ejẹ́ǹtì tí ó bá wà nínú àkójọ ilé títà tí àwọn ejẹ́ǹtì jọ ń lò gbọ́dọ̀ bá olùrà fọwọ́ sí àdéhùn kí ó tó mú un lọ wo ilé, iye tí yóò gbà sì gbọ́dọ̀ hàn kedere nínú rẹ̀. Ẹ kà á dáadáa, nítorí bí akọ́lé bá kọ̀ láti san owó náà, ó lè di ẹrù yín.

Ní ti iye owó ilé, akọ́lé tí ó ṣì ní ilé púpọ̀ láti tà ní àgbègbè kan náà kì í fẹ́ dín iye tí yóò hàn nínú ìwé, nítorí iye yẹn ni ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fi ná tirẹ̀, òun náà sì ni àwọn tí ń díye lé ilé fún báńkì yóò wò. Ohun tí ó rọrùn fún un ni kí ó bá yín san lára owó ìwé tí ẹ ó san nígbà tí ẹ bá ń gba ilé, kí ó san owó fún báńkì kí èlé lórí owó tí ẹ yá lè dínkù, tàbí kí ó fi ohun èlò tí ó dára jù sí inú ilé. Ibẹ̀ ni ejẹ́ǹtì wa gbà. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n sọ èyí tí ó wà nínú iye tí wọ́n dá lára ohun tí a ń rí nínú ilé àfihàn. Táìlì ilẹ̀, àwọn iná, òkúta dídán tí ó wà ní ilé ìdáná, gbogbo rẹ̀ ni àfikún owó, kódà ilẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí pápá ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn ni kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Lọ́yà akọ́lé ló kọ ọ́, akọ́lé ni ó sì kọ ọ́ fún. Nínú tiwa, wọ́n ní ọjọ́ tí ilé yóò parí lè yẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn jẹ wá ní ohunkóhun. Wọ́n ní àwọn lè fi ohun èlò mìíràn rọ́pò èyí tí a yàn bí àwọn bá kà á sí ohun kan náà. Wọ́n tún ní owó àsansílẹ̀ wa yóò di tiwọn bí báńkì bá kọ̀ láti yá wa lówó. Ejẹ́ǹtì wa fa ìlà sábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní kí a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ lọ́yà tiwa nítorí pé òun kì í ṣe lọ́yà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gidigidi nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Akọ́lé gbà láti yí ti owó àsansílẹ̀ padà, ó kọ̀ láti fọwọ́ kan ti ọjọ́. A wá bẹ onílé wa kí ó fi oṣù díẹ̀ kún àkókò wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé náà pẹ́ lóòótọ́.

Ẹni kejì

Ẹ ṣeun, màmá. Èmi kò mú ejẹ́ǹtì, ó sì yọrí sí rere, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo dá lọ lásán. Ejẹ́ǹtì tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kò tíì bá ẹnikẹ́ni ra ilé tuntun rí, ilé tí ẹlòmíràn ti gbé nìkan ni ó mọ̀, kò sì lè sọ fún mi bí àwòrán ilé tí wọ́n nà sílẹ̀ níwájú wa ṣe máa rí bí wọ́n bá kọ́ ọ tán. Mo wá gba lọ́yà àti olùyẹ̀wò ilé, mo sì fi owó mi san án fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe sábà máa ń rí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ejẹ́ǹtì jẹ́ aṣojú olùtà, tí olùrà sì ń gbára lé lọ́yà àti olùyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a yéé tàn kálẹ̀, èyíinì ni pé bí ẹ kò bá mú ejẹ́ǹtì, owó rẹ̀ yóò padà sápò yín. Mo béèrè, akọ́lé sì sọ fún mi láìfi bò pé owó yẹn ti wà nínú ètò ìtajà òun, yálà ejẹ́ǹtì wá tàbí kò wá. Ọ̀dọ̀ akọ́lé kékeré, ó lè yàtọ̀. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Wọ́n tún fi ẹ̀bùn lọ̀ mí bí mo bá lè yá owó ní báńkì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Mo gba ìwé iye lọ́wọ́ báńkì mìíràn, mo sì gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èlé tiwọn ga débi pé láàárín ọdún díẹ̀, ó ti jẹ ẹ̀bùn náà tán.

Ẹni kẹta

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò tí ẹ̀gbọ́n mẹ́nu bà, nítorí pé ibẹ̀ ni ejẹ́ǹtì tèmi ti ṣe bẹbẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilé tuntun kò nílò àyẹ̀wò, àti pé àyẹ̀wò ìjọba tó. Ohun tí òfin ní kí ó kéré jù ni olùyẹ̀wò ìjọba ń wò, ilé púpọ̀ sì ni ó ń wò lóòjọ́. Ejẹ́ǹtì mi rọ̀ mí kí n má fọwọ́ sí ìwé àdéhùn títí akọ́lé yóò fi kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé olùyẹ̀wò tèmi lè wọlé kí wọ́n tó da kọnkéré ìpìlẹ̀, kí wọ́n tó fi pátákó bo ògiri, àti kí n tó gba kọ́kọ́rọ́.

Àyẹ̀wò kejì ló gbà mí. Olùyẹ̀wò bá ibi tí ẹni tó ń ṣe páìpù ti gé igi tó gbé àjà ró jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì bá fèrèsé tí wọn kò fi ohun tí ń dènà òjò sí etí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti bo ògiri, ọdún díẹ̀ ni ì bá kọjá kí omi tó fi ara rẹ̀ hàn. Olórí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ ní kò sí wàhálà. Ejẹ́ǹtì mi kò bá a jiyàn. Ó kọ lẹ́tà, ó fi àwòrán sí i, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ tí àtúnṣe yóò parí, ó sì padà wá ní ọjọ́ náà láti wò ó.

Ó tún rán mi létí ìlérí àtúnṣe. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ni ọdún 1 lórí iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun èlò, ọdún 2 lórí wáyà iná, páìpù omi àti ẹ̀rọ amúlétutù, àti ọdún 10 lórí ohun tó gbé ilé ró. Nígbà tí ọdún kìíní ku oṣù kan kí ó pé, ejẹ́ǹtì mi pè mí, ó ní kí n tún pe olùyẹ̀wò. Àwọn ilẹ̀kùn kan ti ń há, ògiri ti sán ní igun, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé sì ti rì débi pé omi òjò ń dagẹ̀rẹ̀ wá sí ìpìlẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kí àkókò tó kọjá. Wọ́n tún ilẹ̀ àti ilẹ̀kùn ṣe. Wọ́n ní ti ògiri jẹ́ gbígbẹ ilé lásán, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún lẹ́ẹ̀kan péré.