Wáyà kì í ṣe "okùnrin" o: èsì mi sí ẹ̀gbọ́n

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí mò ń panu mọ́, torí ẹ̀gbọ́n tó gbé e kalẹ̀ kì í ṣẹgbẹ́ mi, ṣùgbọ́n ètè ti ń yún mi. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ẹ̀gbọ́n ní ká yéé pe wáyà ní wáyà, wọ́n ní ẹnu òyìnbó ló ti wá, ká máa pè é ní "okùnrin", ìyẹn okùn àti irin tí wọ́n pa i iwájú irin jẹ. Wọ́n tún wá fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ fún àwọn tó ń ya fọ́tò àti àwa tá à ń fi wáyà ṣiṣẹ́ ọwọ́.

Mi ò bá ìpajẹ wí, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń pa á jẹ. Ibi tó ti dùn mí ni kinní kékeré abẹ́ o. Okùnrin, ọkùnrin: àárín, ìsàlẹ̀, àárín, ohùn wọn ò yàtọ̀ rárá, àmì abẹ́ yẹn nìkan ló yà wọ́n, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa, títí kan ẹ̀gbọ́n fúnra wọn tí wọ́n bá ń kánjú, kì í fi nǹkan kan sábẹ́ lẹ́tà lórí fóònù. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣé ẹ wo ilé yìí dáadáa?

Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi ń sọgbà, wọ́n ní "okùnrin ẹlẹ́gùn-ún". Wireless, "aláìlókùnrin", bíi pé ọkọ ni kọ̀ǹpútà ń wá. Lọ́dún 1935 tí Associated Press, iléeṣẹ́ ìròyìn Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí wáyà tẹlifóònù fi fọ́tò ránṣẹ́ sáwọn ìwé ìròyìn, Wirephoto ni wọ́n pe iṣẹ́ náà, ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ di "àwòrán okùnrin". Alexander Calder, ará Amẹ́ríkà tó máa ń fi wáyà lásán tẹ ojú èèyàn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe Josephine Baker, obìnrin oníjó, lọ́dún 1926, iṣẹ́ tiẹ̀ di "ère okùnrin". Josephine Baker kẹ̀!

Àbúrò kan ní ká kúkú kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, okùn irin, kí ìjà parí. Kò lè parí, torí okùn yẹn gan-an ni mi ò gbà. Ẹ fi ọ̀rọ̀-ìṣe dán an wò. Okùn ń já, kì í kán, igi ló ń kán. Wáyà ńkọ́? Fà á tagbáratagbára, á já, mo gbà. Ṣùgbọ́n mú wáyà bàbà, tẹ̀ ẹ́ síbí, tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún lójú kan náà, á kọ́kọ́ rọ̀ lọ́wọ́ ẹ, lẹ́yìn náà wàá rí i pé ó ń le sí i lábẹ́ ìka, ó ń bá ẹ fà á, tó bá sì le dójú ẹ̀, ó kán nìyẹn. Ìdí tá a fi ń fi iná yá a nìyẹn, kó lè rọ̀ padà ká tó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Okùn wo lẹ ti yá níná rí?

Ẹ tún wo èyí tí àwọn ayàwòrán ń so mọ́ kámẹ́rà kí ọwọ́ wọn má baà mì ín, cable release, tí ẹ̀gbọ́n pè ní "okùnrin ayàwòrán" (ẹ má rẹ́rìn-ín o). Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú awọ ẹ̀. Tó o bá fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ẹ̀, wáyà á rìn gba inú awọ yẹn lọ, abẹ́rẹ́ á yọ lẹ́nu kejì, á lọ ti bọ́tìnnì kámẹ́rà wọlé, fọ́tò ti wọlé nìyẹn. Wáyà ló tì í. Ta ló fi okùn ti nǹkan rí láyé yìí? Okùn ń fà ni, kì í tì.

Ìyá wa kan níbí ní Ruth Asawa, obìnrin oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, ńkọ́, ṣebí híhun ló ń hun wáyà, ṣebí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń hun agbọ̀n ní Mẹ́síkò ló ti kọ́ ọ lọ́dún 1947. Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ náà níbi tó so rọ̀ sí, ikùn ẹ̀ yọ rogodo, ikùn mìíràn tún wà nínú ikùn yẹn, kò sí nǹkan kan nínú tó gbé e ró. Ẹ fi okùn hun irú ẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e kọ́, ẹ ẹ́ rí bó ṣe máa rọ jọ. Tó bá jẹ́ El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Gánà, lẹ mú wá, tó ń fi wáyà bàbà so ìdérí ìgò ọtí mọ́ra títí á fi bo ògiri, màá gbà pé iṣẹ́ okùn ni wáyà ń ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ okùn o, kì í ṣe orúkọ okùn.

Ẹ̀gbọ́n wá pòwe lé mi lórí pé bó ti wù kí okùn gùn tó, ó níbi tí wọ́n ti fà á wá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún òwe. Àmọ́ lílọ́ là ń lọ́ okùn kó tó di okùn, wáyà ni fífà mú jáde: wọ́n á ti ẹnu irin tàbí bàbà bọ ihò tó kéré sí i, wọ́n á fà á já sódìkejì, wọ́n á tún fà á gba ihò tó kéré jùyẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tá a fi ń mọ bí wáyà ṣe nípọn tó fi dorí kodò, nọ́ńbà 18 ti Amẹ́ríkà tó bíi mílímítà 1, nọ́ńbà 24 ò ju bí ìdajì ẹ̀ lọ, bó bá ṣe gba ihò tó ni nọ́ńbà ń ròkè.

Ẹni tó ní èmi tí mi ò ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè ò gbọdọ̀ dá sí i, mo rí yín. Àwọn bàbá wa tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ju gbogbo wa lọ, wáyà ni wọ́n ń pè é, wọ́n tiẹ̀ fi ń pe tẹligíráàmù: "mo rí wáyà gbà", gbogbo ilé á sì dìde dúró torí wáyà kì í sábà wá lásán. Ta ló bá wọn jà pé wọ́n ba èdè jẹ́? Ẹni tó tún ní "wá" àti "yà" ló di wáyà, pé ayàwòrán ló ń pèèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, ó ti gbé nílé ó ti di ọmọ ilé.

Ibi kan ṣoṣo tí màá ti gba tiwa ni fọ́nrán, fún àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń tú jáde tó o bá bó rọ́bà wáyà iná. Fọ́nrán wáyà, ó dùn létí. Mo mọ̀ pé àwọn oníròyìn ti gbé fọ́nrán fún fídíò, ìyẹn ò kàn mí.

Ẹ̀gbọ́n sì tún kọ "okùnrin bàbá" fún wáyà bàbà. Ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ni, sà. Ẹni tó ń tún wọn ṣe pé idẹ ló yẹ kí wọ́n kọ, òun náà ò rí i sọ, idẹ ni bàbà tí wọ́n da sinkíì pọ̀ mọ́. Kí ẹnì kan kúkú wá sọ fún mi, wáyà ńlá tó ń gbé iná kọjá lórí òpó gíga gogoro yẹn, aluminium ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, irin kàn wà láàárín tó ń gbé e ró ni. Ṣé okùnrin nìyẹn náà, àbí ìdajì okùnrin?