Mo gba 7 nínú IELTS, wọ́n ní kò tó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Yunifásítì kan ní ìlú ọba ní 6.5 nínú IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì yẹn, làwọn ń fẹ́. Mo ṣe é, mo gba 7. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n kọ lẹ́tà pé máàkì mi ò tó. Ọkọ mi ti ta mọ́tò rẹ̀ nítorí owó yìí, ìyá rẹ̀ sì ti ń fi mí kọrin. Ọjọ́ ìdánwò ọ̀hún, wọ́n tan AC débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, bàbá kan sì ń wúkọ́ lẹ́yìn mi ní gbogbo àsìkò Listening. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí o! Ṣé kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà nìyí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Bọ̀dá Lékè: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Àpapọ̀ ni 7 yẹn. Kí lẹ gbà nínú apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Listening, Reading, Writing àti Speaking, lọ́kọ̀ọ̀kan?

Alàgbà: Ta ló ń ta mọ́tò kí ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á? Ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní!

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mà. TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, lèmi ṣe nígbà tèmi, 120 ni wọ́n ń máàkì lé. Mo gba 94, inú mi dùn, físà ló wá já mi kulẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tún tiyín máàkì. Wọ́n á gbowó, àmọ́ wọ́n á dá a padà tí máàkì bá yí.

Dàpọ̀ Ọ̀ṣogbo: WAEC ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ló ń gba C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì dípò IELTS.

Ọmọ Àlùfáà: Ṣé ẹ fi imú sọ̀rọ̀ ní Speaking? Ẹ̀gbọ́n mi ní bí èèyàn ò bá ṣe bí òyìnbó, wọn ò ní fún un ní nǹkan kan.

Bọ̀dá Lékè: Irọ́ ni, àbúrò. Wọ́n ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ń ṣàn lẹ́nu ẹni, bóyá èdè pọ̀ níkùn rẹ̀, gírámà rẹ̀, àti bóyá ohun tó ń pè ṣeé gbọ́ yéké. Èèyàn lè sọ ọ́ bí ọmọ Iléṣà kó sì gba 8.

Ìyá Ìbejì: Speaking mi dáa, 7 ni. Listening 8, Reading 7.5. Writing ni wọ́n ti ṣe mí níkà, 5.5. Àpapọ̀ ṣáà ni wọ́n ń wò.

Bọ̀dá Lékè: Àpapọ̀ nìkan kọ́, mà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 28, ẹ pín in sí mẹ́rin, 7 ni lóòótọ́. Ká tiẹ̀ ní 6.75 ni, 7 ni wọn ì bá kọ. Àmọ́ ẹ lọ ka lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ yẹn dé ìsàlẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé ẹyọ kan ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 6 lọ.

Àbẹ̀kẹ́: Ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Kí wọ́n tún un máàkì, kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ ṣe é.

Sísí Nọ́ọ̀sì: Writing yìí náà ló dá mi dúró. Àwọn tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀ ń fẹ́ 7 nínú mẹ́ta yòókù, 6.5 nínú Writing. Orí gíráàfù Task 1 ni mo ń fi àsìkò ṣòfò sí, tí mo bá wá dé àròkọ Task 2 ma máa sáré. Bẹ́ẹ̀ ìlọ́po méjì Task 1 ni máàkì Task 2! Gíráàfù wo ni wọ́n fún yín, mà?

Ìyá Ìbejì: Gíráàfù kẹ̀? Lẹ́tà ni wọ́n ní kí n kọ sí onílé nípa ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́. Mo kọ ọ́ dáadáa, mo tiẹ̀ fi ẹsẹ Bíbélì parí ẹ̀.

Sísí Nọ́ọ̀sì: Ẹ dúró ná. Lẹ́tà?

Bọ̀dá Lékè: Háà! Oríṣi IELTS méjì ló wà: General Training lẹ ṣe, mà, Academic ni yunifásítì ń fẹ́. Academic kì í kọ lẹ́tà. Reading wọn gan-an ò rí bákan náà: ẹni tó bá gba bí 30 nínú 40 ní Academic ti ní 7, ní General, 6 ni ìyẹn. Ẹ wo orí ìwé èsì yín. Ẹ má wulẹ̀ san owó pé kí wọ́n tún un máàkì, bí Writing ọ̀hún di 9, yunifásítì ò ní gbà á.

Ìyá Ìbejì: General Training ló wà níbẹ̀. Ọmọ kafé tó bá mi forúkọ sílẹ̀ ló ní èyí ló yá, òun náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi lọ Kánádà. Ta ni mi ò bá bi? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé méjì ni.

Alàgbà: Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì!

Sísí Nọ́ọ̀sì: Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tọ́rọ̀ ń dùn kọ́ là ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Dàpọ̀ Ọ̀ṣogbo: Mo tún ń bèèrè o. Kí ni WAEC yín wí? Tó bá jẹ́ C6, ẹ lè má nílò IELTS kankan mọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ ká fi ti WAEC sílẹ̀ ná. Èló ni Academic báyìí?