"Ìpàtẹ adánilóhùn" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "àfihàn aláfọwọ́kàn"

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Àbúrò wa tó ń bá wọn ya àwòrán gbọ̀ngàn kan níbí ní Àbújá ló da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ère Nok, ìyẹn àwọn ère amọ̀ ayé àtijọ́ tí wọ́n hú jáde ní agbègbè Nok ní Kaduna, ni wọ́n fẹ́ kó síbẹ̀, pẹ̀lú ojú kọ̀ǹpútà fẹ̀ǹfẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: èèyàn á fìka tẹ̀ ẹ́, á yí àwòrán ère náà síwá sẹ́yìn, á gbọ́ ìtàn rẹ̀ ní èdè Haúsá, Gbagyi tàbí Yorùbá. Ó béèrè ohun tí wọn ó kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà fún ohun tí òyìnbó ń pè ní "interactive exhibition", àti bóyá kí "ogún orílẹ̀-èdè" àti "ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé" wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Ìlọrin ní kí wọ́n kọ "àfihàn aláfọwọ́kàn". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹni tí a fi nǹkan hàn kò níṣẹ́ méjì ju kó wò ó lọ. Ẹ ní "ìpàtẹ" ń rùn bí ọjà, pé àlùbọ́sà ni wọ́n ń pàtẹ ní Wuse. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nídìí àtẹ, oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á yí ọjà wò, á béèrè ibi tó ti wá, á bá ọlọ́jà jiyàn, ó sì lè kọjá lọ láì ra nǹkan kan.

"Aláfọwọ́kàn" ló wá kọ́ mi lẹ́sẹ̀ jù. Inú àpótí dígí ni ère máa wà. Ojú kọ̀ǹpútà nìkan lọwọ́ máa kàn. Ọmọ iléèwé tó bá ka pátákó yẹn, tó sì nawọ́ sí ère, ẹ̀ṣọ́ á jágbe mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ò jẹ̀bi. Fífọwọ́ kan ère kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Ẹ rántí ère ẹni tó jókòó tí wọ́n bá ní Tada, létí Odò Ọya, ní Kwara tiwa níbẹ̀. Bàbà ni wọ́n fi rọ ọ́, ó sì ti lé ní ọdún 600. Láyé ìgbà kan, àwọn ará ìlú a máa gbé e lọ sí odò, wọ́n á fi yanrìn fọ̀ ọ́, kí obìnrin lè rọ́mọ bí, kí ẹja lè pọ̀ lómi. Yanrìn yẹn ti ha ara rẹ̀ gidi. Ṣé kí ọwọ́ kàn ṣáà lè kàn án ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́? Wọ́n ń retí ìdáhùn ni.

Ibi tí àǹtí wa tó ń kọ́ni ní Kubwa tẹ̀ sí nìyẹn tó fi mú "ajẹ́pè" wá, láti ara "jẹ́ ìpè". Ó dùn létí. Àmọ́ àwọn tó ń tẹ pátákó níbí kì í fi àmì ohùn sí nǹkan kan. "Ipate ajepe": ẹnì kan á kà á sí "ajé pé", òmíràn á ní àjẹ́ ló ń pe òun. Àwọn kan ti ń fura sí ère tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tún fi àjẹ́ kún un.

Mo fi "adánilóhùn" síwájú yín. Bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣì í kà. Ó sì gba gbogbo ẹ̀rọ: ìbáà jẹ́ ìka lo fi tẹ̀ ẹ́, ìbáà jẹ́ ẹnu lo fi bá a sọ̀rọ̀, tàbí o kàn na fóònù sí i. Kí ọmọdé dúró níwájú orí amọ̀ tí wọ́n dá ihò sí lẹ́yinjú yẹn, kó bi í pé níbo ló ti wá, kó gbọ́ ọ pé àwọn tó ń wa tánganran ló hú òun jáde ní Jemaa, ní Kaduna, àti pé oko iṣu lòun ti ń lé ẹyẹ fún ọdún kan kí wọ́n tó gbé òun dé ọ̀dọ̀ Bernard Fagg, òyìnbó tó ń ṣèwádìí ohun àtijọ́, ní Jos, láàárín àwọn ọdún 1940.

Ó ku "ogún orílẹ̀-èdè". Ẹni tó bá gbọ́ "ogún" á béèrè bàbá tó kú àti ọmọ tó jogún. Ní Oṣù Kejìlá 2022, Jámánì kó 20 nínú àwọn idẹ Bìní wá fún wa ní Àbújá, gbogbo wa ń pariwo pé ogún orílẹ̀-èdè ti dé. Nígbà tó di Oṣù Kẹta 2023, ìkéde Ààrẹ Buhari sọ pé Ọba Bìní ló ni wọ́n. Ogún ta ni nígbà náà? Ti Nok tún lé kenkà: ta ló lè dìde lónìí pé bàbá òun ló mọ ọ́n? "Ohun àjùmọ̀ní" ni màá kọ fún ti Nok. Ti Bìní, kí àwọn Ẹ̀dó sọ tiwọn.

"Ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé", ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn má yọ "ìgbàlódé" kúrò, torí ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin ní Taruga, tí kò jìnnà sí Àbújá, ti lé ní ọdún 2,000, ẹ̀rọ sì lòun náà.

Lójú kọ̀ǹpútà, "Tẹ ibí" ni àbúrò wa kọ. Bí ìpàtẹ bá ń dáni lóhùn, "Béèrè" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹnì kan ti ní kó jẹ́ "Ẹ béèrè", nítorí àwọn àgbàlagbà náà máa wá. Mi ò rò bẹ́ẹ̀: ère yẹn ló ń sọ̀rọ̀, ta ló sì dàgbà jù ú lọ nínú gbogbo wa? Ẹni tó bá ní àtakò kó tètè kọ ọ́, wọ́n fẹ́ tẹ pátákó náà láìpẹ́.