Ọmọ mi ò jí kírun Àsùbáà mọ́, mo pè é ní ọ̀lẹ

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Kubwa:
Àsàlámù àlékùn o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 13. Láti bí oṣù méjì, bí mo bá jí i fún Àsùbáà, á ní inú ń run òun. Mo bá a wí títí, mo pè é ní ọ̀lẹ lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Àfi lóru àná tí mo jáde láti tọ̀, mo bá a lẹ́yìn ilé nínú òkùnkùn, ó ń fi omi bùtá fọ ṣòkòtò tó fi sùn. Bó ṣe rí mi, ó gbé e pa mọ́ sẹ́yìn. Ojú wá ń ti èmi gan-an. Ọwọ́ máírúwà la ti ń ra omi, ìyá rẹ̀ a sì máa ka kẹ́ẹ̀gì. Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bíbàlágà yìí? Bàbá tèmi ò bá mi sọ ọ́ rí.

Ìyá Ìbejì, Kaduna:
Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀lẹ tí ẹ pè é. Lójú àwọn àbúrò náà ni o. Ẹ má sọ ìdí fún wọn.

Àfáà Ilé Kéú, Mararaba:
Wàálékùn sàlámù. Ìtìjú yìí ti pẹ́ láyé. Sàyídínà Àlíyù, nítorí pé ọmọ Ànábì ló fẹ́, ojú tì í láti béèrè nípa omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń yọ bí ara bá dìde. Miqdad ló rán sí Ànábì. Èsì tó gbà ni pé kó fọ ojú ara, kó ṣe àlùwàlá. Ẹ jẹ́ kó yé ọmọ: ti àlùwàlá nìyẹn. Àtọ̀ tó dà lójú oorun ló ń mú ìwẹ̀ jánábà wá, ìyẹn ìwẹ̀ gbogbo ara tó gbọ́dọ̀ wẹ̀ kó tó kírun. Bó lálàá tí kò bá nǹkan kan lára aṣọ, kò sí ìwẹ̀. Bó bá a lára aṣọ tí kò rántí àlá kankan, kó wẹ̀.

Ní ti omi, òṣùwọ̀n sáà kan ni Ànábì fi ń wẹ̀, ìyẹn bíi lítà 3. Kẹ́ẹ̀gì máírúwà kan gba lítà 25, ẹ ṣírò ẹ̀. Ní ọ̀nà Imáàmù Màlíkì tí à ń tọ̀ níhìn-ín nínú òfin ẹ̀sìn, kó gbé àníyàn, kí omi kan gbogbo ara, kó fi ọwọ́ ra á, kó má sì dá a dúró lágbedeméjì. Ìdodo àti ẹ̀yìn etí ni àwọn ọmọ máa ń fò.

Ọmọ Ìlọrin, Jos:
Ẹ fi ti tayamọ́mù kún un, ìyẹn fífi erùpẹ̀ ṣe ìmọ́ra dípò omi, ọyẹ́ ń bọ̀. Amr ọmọ Al-As, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ṣe é lóru òtútù tó le, torí pé ó bẹ̀rù ẹ̀mí ara rẹ̀. Ànábì rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi, nígbà tí mo wà nílé ìwé, mo ń ṣe é nígbà tí sítóòfù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀lẹ tòótọ́ nìyẹn.

Onígbàjámọ̀, Kano:
Irun abíyá àti ti abẹ́ ńkọ́? Kó má jẹ́ kó kọjá 40 ọjọ́, èékánná náà bẹ́ẹ̀. Ẹ ra bíléèdì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó má fi tiyín fá a.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Kubwa:
Mo ti bá a sọ ọ́, nígbà tí àwa méjèèjì ń ti jẹnẹrétọ̀ wọlé. Kò wo ojú mi. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: ṣé òun máa san àwọn ìrun tí òun ò kí?

Àfáà Ilé Kéú, Mararaba:
Kó san án, díẹ̀díẹ̀. Ẹ bá a jókòó kà á.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Kubwa:
A ti bẹ̀rẹ̀. Mo ra kẹ́ẹ̀gì kan lọ́tọ̀, mo gbé e sẹ́yìn ilé. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má ka ìyẹn mọ́ ọn.